Nígbà Tí Dókítà Bá Ní Kí Ọmọ Yín Má Jẹ Àlìkámà Mọ́

 

Lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn àsàlátù, bí wọ́n ṣe ń pín sàráà lọ́wọ́, ìyá kan sáré gba mítípáì lọ́wọ́ ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Inú bí ìyá àgbà tó fún ọmọ náà ní sàráà. Ó ní ṣé wọ́n rò pé òun fi nǹkan sí i ni. Ìyá ọmọ kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó ṣàlàyé tán, omijé ti bọ́ lójú rẹ̀. Kò tíì pé oṣù méjì tí dókítà sọ fún un pé ọmọ náà ní àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní celiac, àti pé kò gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun tó bá ní àlìkámà nínú mọ́ títí ayé rẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n ti fi ń fún un ní oògùn aràn àti àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é.

Nígbà tí ìyá yìí bá wa jókòó lẹ́yìn náà, ó ní wàhálà oúnjẹ kò tó wàhálà ẹnu àwọn èèyàn. Ìyá ọkọ òun sọ ọ́, aládùúgbò sọ ọ́, olùkọ́ ọmọ náà sọ ọ́: “Díẹ̀ kò lè ṣe é ní nǹkan kan.” Ọ̀rọ̀ yìí la fẹ́ bá ẹ̀yin ìdílé wa sọ lónìí, nítorí pé nínú àìsàn yìí, díẹ̀ náà ń ṣe nǹkan.

KÍ NI ÀÌSÀN YÌÍ?

Èròjà kan wà nínú àlìkámà tí wọ́n ń pè ní gluten. Ó tún wà nínú ọkà báálì, èyí tí àwọn oníkéwú mọ̀ sí sha'iir, àti nínú ọkà ráì tí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Gluten ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí a pò máa fà bíi rọ́bà, òun ló sì ń jẹ́ kí búrẹ́dì wú kó rọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ láìsí ewu kankan. Ṣùgbọ́n lára ẹni tó ní celiac, bí gluten bá ti dé inú ìfun kékeré, àwọn ọmọ-ogun ara tí Ọlọ́hun dá láti máa bá kòkòrò àrùn jà yóò ṣì í mú fún ọ̀tá, wọn á sì kọjú ìjà sí ìfun fúnra rẹ̀.

Ẹ fojú inú wo kápẹ́ẹ̀tì mọ́ṣáláṣí nígbà tó ṣì wà ní tuntun. Irun rẹ̀ dúró ṣánṣán, bí omi bá dà sí i, á fà á mu. Bí inú ìfun kékeré ṣe rí nìyẹn: fọ́nrán wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, àwọn ló sì ń fa èròjà inú oúnjẹ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ wá wo kápẹ́ẹ̀tì náà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ kọjá: irun ti fẹ́ tán, ó ti di pẹlẹbẹ. Ohun tí gluten ń sọ ìfun ẹni tó ní celiac dà gan-an nìyí. Ọmọ ń jẹun, oúnjẹ ń wọlé, ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ kò dé ara.

Ìdí nìyẹn tí àmì àìsàn yìí fi pọ̀, tí kò sì jọra lára gbogbo èèyàn. Ìgbẹ́ gbuuru lemọ́lemọ́, ikùn wíwú, inú rírun, èébì, àárẹ̀ tí kò lọ, àìtó ẹ̀jẹ̀ tí oògùn ẹ̀jẹ̀ kò ràn, egbò ẹnu tó ń lọ tó ń bọ̀, rírù, ọmọ tí kò ga bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Lára àwọn àgbà, ó lè fa kí egungun máa tètè kán, ó sì lè wà lára ohun tó ń fa oyún bíbàjẹ́ tàbí àìtètè rí oyún. Àwọn mìíràn wà tí inú kò yọ wọ́n lẹ́nu rárá, awọ ara wọn ló máa ń yún, tí á sì máa yọ ròrò omi ní ìgbúnwọ́ àti orúnkún. Gbogbo àmì wọ̀nyí ni àìsàn mìíràn náà ń fà, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni jókòó sílé kó sọ pé òun ti mọ̀.

Àìsàn yìí kì í ràn. Inú ìdílé ló ti ń wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kà á sí nǹkan bí ẹnì kan nínú 100. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti ní in, ti àwọn òbí rẹ̀, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ lè tó ẹnì kan nínú 10. Àwọn kan ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lára àwọn ènìyàn tí wọ́n ti bá a jù lọ ni àwọn Saharawi, àwọn Mùsùlùmí apá ìwọ̀-oòrùn aṣálẹ̀ Sàhárà. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 1999, wọ́n bá a lára ọmọ 5 sí 6 nínú gbogbo 100 tí wọ́n yẹ̀ wò láàárín wọn. Ní ọ̀dọ̀ tiwa a kì í sábà gbọ́ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a kò yẹ̀ wò, a kò lè sọ pé kò sí.

BÍ WỌ́N ṢE MỌ̀ PÉ OÚNJẸ NI OÒGÙN RẸ̀

Ní 1888, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Samuel Gee kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí àìsàn yìí ń ṣe. Ó fura pé bí ìwòsàn bá máa wà, láti ara oúnjẹ ni yóò ti wá, ṣùgbọ́n kò mọ oúnjẹ tó jẹ̀bi. Ẹni tó wá mọ̀ ọ́n ni Willem Dicke, oníṣègùn àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Netherlands. Ó ti ń fura sí búrẹ́dì kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ìgbà òtútù 1944 sí 1945, ogun dí ọ̀nà oúnjẹ, ìyàn mú débi pé àwọn èèyàn ń wú gbòǹgbò òdòdó jẹ. Búrẹ́dì di ọ̀wọ́n. Ebi ń pa gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n ara àwọn ọmọ tó ní celiac ń yá. Ogun parí, búrẹ́dì padà dé, àìsàn náà sì padà sí wọn lára. Ní 1950, Dicke kọ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀, láti ìgbà náà ni ayé ti mọ̀ pé àlìkámà ni.

A sọ ìtàn yìí nítorí ẹ̀kọ́ kan tó wà nínú rẹ̀. Oúnjẹ tí a yọ kúrò ni oògùn àìsàn yìí. Kò sí oògùn oníhóró tí dókítà yóò fún yín kí ọmọ lè máa jẹ búrẹ́dì lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni oyin, àsẹ̀ dúdú tí a mọ̀ sí habbatus-saudaa, àti àgbo kò lè gba ipò rẹ̀. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé òun ní ohun tí yóò wò ó tán kó lè padà máa jẹ àlìkámà, ẹ má fi owó yín ṣòfò, ẹ má sì fi ọmọ yín dán an wò.

Ẹ MÁ TÍÌ YỌ ÀLÌKÁMÀ KÚRÒ KÍ Ẹ TÓ ṢÀYẸ̀WÒ

Bí ẹ bá ka àwọn àmì tí a kọ sókè yìí tí ọkàn yín sì lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan nínú ilé, ẹ má ṣe gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ń wá ohun tí àwọn ọmọ-ogun ara ń pèsè nígbà tí gluten bá wà nínú ara. Bí ẹni náà bá ti ṣíwọ́ jíjẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àyẹ̀wò lè sọ pé kò sí nǹkan, nígbà tó jẹ́ pé àìsàn wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń ní kí ẹni tó fẹ́ ṣe àyẹ̀wò máa jẹ ohun tó ní gluten nínú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́, ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Lẹ́yìn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, dókítà lè fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lórí gba ẹnu wọ inú lọ, kó sì mú ẹran ìfun bíńtín láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ń ba ni lẹ́rù láti gbọ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́, wọ́n sì máa ń fún ọmọdé ní oògùn oorun.

Bí dókítà bá sọ pé celiac ni, ẹ béèrè pé kí ẹ rí ẹni tó mọ̀ nípa oúnjẹ aláìsàn nílé ìwòsàn. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ yòókù àti ẹ̀yin òbí náà ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

OÚNJẸ ILẸ̀ WA TI WÀ NÍBẸ̀

Ìbéèrè tó kọ́kọ́ wá sí ìyá yẹn lọ́kàn ni pé, “Kí ni ọmọ mi yóò wá máa jẹ?” Ẹ jẹ́ ká jọ wọ ọjà lọ. Iṣu, èlùbọ́, gàrí, láfún, fùfú, ànàmọ́, kókò, ọ̀gẹ̀dẹ̀: kò sí gluten nínú ìkankan wọn. Àgbàdo, ọkà bàbà, jéró àti ìrẹsì náà kò ní in. Ẹ̀wà gbogbo, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí, ilá, ẹ̀fọ́, ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà, èso, epo pupa àti òróró kò ní in. Ògì àti mọ́ínmọ́ín láàárọ̀, àmàlà àti ewédú lọ́sàn-án, ìrẹsì àti ẹ̀wà lálẹ́: ọmọ yẹn lè jẹ gbogbo rẹ̀ ní àjẹyó. Bí ó bá fẹ́ jẹ ìpanu, bọ̀ọ̀lì wà, gúgúrú àti ẹ̀pà wà, ìpékeré wà, àádùn wà. Àwọn òyìnbó tó ní àìsàn yìí ń fi owó ńlá ra búrẹ́dì tí kò ní gluten, ṣùgbọ́n ìdílé tó bá mọ iṣu sè kò nílò láti bá wọn du ú.

Àwọn ohun tó wọlé dé lẹ́yìn ló yẹ ká ṣọ́ra fún. A ó tò wọ́n kí ẹ lè gé ojú ìwé yìí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná.

1. Ohun tí a fi fúláwà ṣe: búrẹ́dì, mítípáì, ẹ́gírólù, púfpúfù, ṣinṣín, bọ́ọ̀nsì, kéèkì, bisikíìtì, gúrásà.

2. Núdùùsì, sùpàgẹ́tì, makaróní àti kúskúsì.

3. Sẹ̀mó àti wíìtì tí a ń rò bí ọkà. Ẹ fiyè sí èyí dáadáa. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń rò wíìtì fún bàbá àgbà tó ní àtọ̀gbẹ, gbogbo ilé sì gbà pé òun ni oúnjẹ tó ṣara lóore jù. Fún ẹni tó ní celiac, àlìkámà pọ́ńbélé ni.

4. Ohun mímu mọ́ọ̀tì, tí kì í wọ́n níbi àsè àwa Mùsùlùmí. Òmíràn wà tí wọ́n fi báálì ṣe, òmíràn wà tí wọ́n fi ọkà bàbà ṣe, òmíràn wà tí wọ́n pa méjèèjì pọ̀. Ẹ ka ara ìgò rẹ̀. Bí kò bá yé yín, omi àti èso dára jù.

5. Kúnú. Bí ó bá jẹ́ ti jéró tàbí ọkà bàbà, kò burú, ṣùgbọ́n àwọn kan ń fi àlìkámà ṣe é. Ẹ bi ẹni tó ń tà á. Másà ìrẹsì náà ńkọ́? Ẹ béèrè bóyá wọn kò da fúláwà mọ́ ọn.

6. Kóró adùn-ọbẹ̀, sọ́ọ̀sì dúdú tí wọ́n fi sóyà ṣe, sọ́séèjì, ẹja tàbí adìyẹ tí wọ́n fi fúláwà bò kí wọ́n tó dín in, àti oúnjẹ ọmọdé inú agolo. Òmíràn ní àlìkámà, òmíràn kò ní. Ara páálí rẹ̀ ni yóò sọ.

7. Óòtì. Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe àlìkámà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n sábà fi ń lọ àwọn méjèèjì, àwọn aláìsàn díẹ̀ sì wà tí óòtì tó mọ́ pàápàá kò bá lára mu. Ẹ fi sílẹ̀ títí dókítà yóò fi fọwọ́ sí i.

Lórí páálí, àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ ó máa wá ni wheat, barley, rye, malt, semolina, durum, spelt, couscous àti bulgur. Ẹ má ṣe jẹ́ kí “wheat free” tàn yín jẹ, nítorí ohun tí kò ní àlìkámà ṣì lè ní báálì. “Gluten free” lẹ ń wá. Òṣùwọ̀n tí àjọ àgbáyé tó ń rí sí òfin oúnjẹ gbé kalẹ̀ fún un ni pé gluten inú kílò oúnjẹ kan kò gbọdọ̀ ju mílígírámù 20 lọ. Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Ìlú Ọba, òfin ibẹ̀ láti ìparí 2014 ni pé kí wọ́n kọ orúkọ irú ọkà bẹ́ẹ̀ lọ́nà tí yóò fi yàtọ̀ láàárín àwọn èròjà yòókù, nítorí náà ẹ wo ibi tí lẹ́tà ti dúdú jù.

Ìdílé Mùsùlùmí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ara páálí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń wò ó bóyá ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú bisikíìtì tàbí ọtí wà nínú súìtì. Ojú kan náà lẹ ó fi wò ó. Ẹ kàn má sọ fún ọmọ náà pé búrẹ́dì ti di hàráàmù. Hàláàlì ni búrẹ́dì, oúnjẹ tó dára ni fún ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀. Ara tirẹ̀ ni kò gbà á. Bí a bá ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ fún un, kò ní wo àwọn yòókù bí ẹlẹ́ṣẹ̀, kò sì ní rò pé Ọlọ́hun ń fi ìyà jẹ òun.

ÌMỌ́TÓTÓ ILÉ ÌDÁNÁ

Ibí ni ọ̀rọ̀ “díẹ̀” ti ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ẹ ti yọ búrẹ́dì kúrò, ẹ ti yọ sẹ̀mó kúrò, síbẹ̀ inú ọmọ ṣì ń run ún. Ẹ wo àwọn ibi wọ̀nyí.

Ilé ẹ̀rọ: ẹ̀rọ tó lọ àlìkámà láàárọ̀ lè lọ èlùbọ́ tàbí ẹ̀wà yín lọ́sàn-án. Ohun tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ á bá tiyín jáde. Ẹ wá ẹlẹ́rọ tí kì í lọ àlìkámà rárá, tàbí kí ẹ máa lọ ọ́ nílé. Bí ẹ bá fẹ́ ra èlùbọ́ tí wọ́n ti lọ̀, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti lọ̀ ọ́ àti bóyá wọ́n da nǹkan mìíràn mọ́ ọn.

Òróró: àkàrà kò ní gluten, ṣùgbọ́n àkàrà tí wọ́n dín nínú òróró tí wọ́n fi dín púfpúfù tán ti ní in. Dòdò àti ọ̀jọ̀jọ̀ náà kò yàtọ̀.

Orógùn, asẹ́ àti pátákó ìgẹ́fọ̀ọ́: igi àti ihò wẹ́wẹ́ máa ń pa ìyẹ̀fun mọ́. Ẹ ra tuntun fún oúnjẹ ọmọ náà, kí ẹ so òwú aláwọ̀ kan mọ́ ọn, kí gbogbo ilé lè dá a mọ̀. Ìkòkò irin tí a fi ọṣẹ fọ̀ dáadáa kò ní wàhálà.

Ọ̀bẹ bọ́tà: ẹni tó fi ọ̀bẹ kan búrẹ́dì tó tún fi kan bọ́tà ti da èérún sínú rẹ̀. Ẹ ya ike bọ́tà ti ọmọ náà sọ́tọ̀.

Ọwọ́: omi àti ọṣẹ ló ń fọ gluten kúrò lọ́wọ́. Oògùn apakòkòrò tí a ń fi pa ọwọ́ lásán kò lè yọ ọ́, nítorí kì í ṣe kòkòrò tí a fẹ́ pa.

Ní ti ìkòkò, ìmọ̀ràn wa ni pé kí gbogbo ilé máa jẹ ọbẹ̀ kan náà àti ọkà kan náà tí kò ní gluten. Ó dín owó kù, ó dín àṣìṣe kù, ọmọ náà kò sì ní máa jẹun bí àlejò nínú ilé bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ búrẹ́dì, kó jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó nu tábìlì, kó fọ ọwọ́.

NÍBI ÀSÈ, SÀRÁÀ ÀTI ÌRÌNÀJÒ

Oúnjẹ àjọjẹ jẹ́ ohun tó ń so wá pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwo ńlá kan tí ọwọ́ mẹ́fà wọ̀, bí ẹnì kan bá ti ki búrẹ́dì bọ ọbẹ̀, gbogbo àwo náà ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Ẹ bu tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ, kó sì jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ ẹ́. Ìjókòó pọ̀ ni ìfẹ́ wà, kì í ṣe inú àwo nìkan.

Bí ẹ bá ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ tàbí ìgbéyàwó, ẹ pe olóde sílẹ̀, tàbí kí ẹ gbé oúnjẹ ọmọ dání. Ẹ kọ́ ọ kó lè fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ fúnra rẹ̀: “Ẹ ṣé mà, Ọlọ́hun á san án fún yín. Dókítà ní kí n má jẹ fúláwà.” Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè sọ bẹ́ẹ̀ láìfi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún olùkọ́ rẹ̀ nílé ìwé àti nílé kéwú, nítorí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ kíláàsì kì í ṣàìní kéèkì.

Ẹni tó bá ń lọ sí Hájì tàbí Úmúrà, kó ní kí àlùfáà ẹgbẹ́ bá òun kọ ọ́ sínú ìwé pélébé ní èdè Lárúbáwá pé òun kò lè jẹ qamh àti sha'iir. Búrẹ́dì pọ̀ ní Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà, hàrísì tí wọ́n ń sè pẹ̀lú ẹran sì jẹ́ àlìkámà. Ìrẹsì, dàbínù àti omi sàmúsàmù kò ní gluten.

ÀÀWẸ̀ RÀMÀDÁÀNÌ

Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ó ní celiac sábà máa ń wà láìlẹ́jẹ̀ lára, ó sì ti lè rù. Kó bi dókítà rẹ̀ kó tó gba ààwẹ̀. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ló yọ̀ǹda fún aláìsàn nínú Súrà Baqarah pé kó sinmi, kó sì gbà á padà ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti yá lórí oúnjẹ tuntun yìí sábà lè gba ààwẹ̀ bí àwọn yòókù. Ní sààrì, kó fi búrẹ́dì àti tíì sílẹ̀, kó jẹ iṣu pẹ̀lú ẹyin, tàbí ìrẹsì àti ẹ̀wà tí yóò dúró nínú. Níbi ìṣínu, dàbínù, omi, èso, ògì àti mọ́ínmọ́ín tó.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fò. Àwọn ará wa tó fẹ́ràn ìṣègùn Ànábì (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a) sábà máa ń sọ pé kí a fún aláìsàn ní tàlìbínà, ògì tí a fi báálì ṣe. Oúnjẹ alábùkún ni, ó sì wúlò fún ẹni tí ara rẹ̀ gbà á. Ṣùgbọ́n báálì ní gluten. Ẹni tó ní celiac kò gbọdọ̀ mu ún. Kì í ṣe pé ó kọ Súná. Ẹ̀sìn wa kò ní kí a fi ohun tó ń pa wá lára tọ́jú ara wa.

OHUN TÍ Ẹ Ó MÁA RETÍ

Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n kí fọ́nrán inú ìfun tó padà dúró, ó lè gba oṣù púpọ̀, ti àgbà tilẹ̀ lè ju ọdún kan lọ. Láàárín ìgbà náà, mílíìkì lè máa da inú rú fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin pọ̀ nínú oúnjẹ, kí ẹ sì lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tàbí fítámì tí dókítà bá kọ. Bí ẹ bá lọ ra oògùn èyíkéyìí, ẹ sọ fún apòògùn pé ọmọ náà kò gbọdọ̀ jẹ gluten, nítorí wọ́n lè lo ítáàṣì àlìkámà nínú hóró oògùn mìíràn. Ẹ máa padà lọ fún àyẹ̀wò bí wọ́n bá ṣe dá ọjọ́.

Ọjọ́ kan á wà tí ọmọ yóò ṣèèṣì jẹ ẹ́. Ẹ má nà án. Ẹ fún un ní omi dáadáa, kó sinmi, kí ẹ kọ ohun tó jẹ sílẹ̀, kí ẹ sì padà sí oúnjẹ rẹ̀. Bí ìgbẹ́ tàbí èébì kò bá dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìgbà tí kò bá tilẹ̀ fi àmì hàn pàápàá, ìfun lè máa bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi “díẹ̀” dán an wò láti mọ̀ bóyá ó ti lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé èyí tí a sọ níbẹ̀rẹ̀, ìyá àgbà tó bínú yẹn tọ ìyá ọmọ lọ kí àsàlátù tó bẹ̀rẹ̀. Kò bi í mọ́ bóyá díẹ̀ lè ṣe é ní nǹkan. Ó ní, “Kí ló lè jẹ? Sọ fún mi, kí n lè mọ ohun tí n ó máa gbé wá.” Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ kí gbogbo àgbà, aládùúgbò àti olùkọ́ tó bá ka ojú ìwé yìí máa bi ìdílé tí irú rẹ̀ bá kàn.

Kí Ọlọ́hun fún gbogbo àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kó sì jẹ́ kí oúnjẹ tí a ń jẹ máa ṣe wá lóore. Àámíìn.